Ọkọ̀ Tí A Pọnmi Kún

Láàárín àwa Ìlàjẹ, ẹni tó bá wa ọkọ̀ títí tí apá rẹ̀ fi gan, inú omi náà ló ń padà sí. Á jókòó sódò kí omi mù ún dé ọrùn, á dákẹ́, títí ara á fi tù ú. Bí a ṣe bá a nìyẹn.

Ọdún tí ìjà dé ojú omi, àwọn ṣọ́jà tó wà ní èbúté gbà ká máa wa ọkọ̀ lójúmọmọ, níbi tí ojú wọn ti tó wa, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ odò. Orí tó bá yọ lójú omi, orí ọ̀tá ni lójú tiwọn. Ẹ sì wá wò ó, ìdíje ọkọ̀ wíwà wa pẹ̀lú àdúgbò ìsàlẹ̀ ku ọ̀la. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni àdúgbò wa fà kalẹ̀, nítorí ọkọ̀ wa nìkan ló kù; àwọn yòókù ti kó ẹbí sá lọ. Apá mi kò sì gbé òkèlè dé ẹnu mọ́. Mo fi omi gbígbóná jó o, mo fi adín àgbọn wọ́ ọ, pàbó ló já sí. Ọ̀rọ̀ náà sú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọkọ̀ wa, tí a gbé lé igi méjì kí ìdí rẹ̀ lè gbẹ. Ó ní, "Àbúrò, bí wọn ò bá jẹ́ ká wọ odò, ṣebí odò lè wá bá wa nílé." Ó gbé korobá. A pọn omi odò sínú ọkọ̀ títí ó fi kún.

Ìyá wa ń yan ẹja nítòsí. "Láti ìgbà tí mo ti dáyé, gbígbọ́n ni mo rí i tí wọ́n ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀."

"Ìyá, ìwòsàn ni."

"Ó dáa. Ẹ kó ẹja sí i, kó di odò tán."

Mo wọ inú rẹ̀, mo dùbúlẹ̀. Omi náà tutù, ó bo èjìká mi, ìrora náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó wọ inú ọkọ̀ náà tì mí. Bó ṣe jókòó báyìí, nǹkan dún lábẹ́ ẹ̀yìn mi. Lójú odò, omi ìta a máa gbé ìdí ọkọ̀ ró. Lórí igi méjì, kò sí ohun tó gbé e. Pákó ìdí rẹ̀ là láàárín, a bá ara wa nínú ẹrẹ̀, omi sì ń ṣàn padà sódò.

Ìyá wa yí ẹja rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ kejì, àdúgbò ìsàlẹ̀ nìkan ló wa ọkọ̀ kọjá níwájú èbúté, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró, mo di àjẹ̀ mi mú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Apá ńkọ́?"

"Ó ti yá," ni mo wí, mi ò sì wo ojú rẹ̀.