Ẹ̀gà àti Panṣẹ́kẹ́ Ojúde Wa

Èmi Ṣàdíátù Àbẹ̀kẹ́ Ajóṣé, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ọmọ Àlàó, ọmọọmọ Àrẹ̀mú tí ó ru aṣọ òfì láti Ògbómọ̀ṣọ́ wọ ìlú Lomé, ni mo kọ èyí. Ariwo ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé ni ó jí mi láàárọ̀ yìí, inú sì tún bí mi.

Ní ìgbà èwe wa, igi panṣẹ́kẹ́ kan wà lójúde wa ní àdúgbò Kodjoviakopé, ní Lomé. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, òdòdó rẹ̀ a pọ́n bí ẹ̀yinná. Èmi àti Afi, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ onílé tí ó múlé tì wá, a máa ń lẹ òdòdó náà mọ́ èékánná, a ó sì máa ṣe fáàrí bí ìyàwó ọ̀gá. Àwọn ẹ̀gà a já ewé igi náà, wọn a fi hun ìtẹ́, wọn a sì máa pariwo títí di àṣálẹ́.

Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ wa ní kí a fi ẹyẹ náà wé igi náà. Afi dìde, ó ka tirẹ̀ sókè: “Igi ni onílé. Àjèjì ni ẹ̀gà. Yóò já ewé onílé tán, yóò sì fò lọ, bí àwọn Ànàgó.” Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ yìn ín. Mo dìde, mo ní òkè òkun ni wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé panṣẹ́kẹ́ wá, pé ẹ̀gà ti wà níbí kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó, ṣùgbọ́n inú mi kò jókòó.

Nígbà tí a ń lọ sílé, Afi ní, “Bí igi náà ṣe rẹwà tó yìí, tiwa ni.”

Ó wá di ọdún tí ìlú dàrú nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, tí ìbọn ń dún, tí ọjà wà ní títì. Àwọn géńdé àdúgbò, àwọn ọmọ onílé gan-an, gé panṣẹ́kẹ́ náà lulẹ̀, wọ́n fi dínà. Orí òdòdó pupa yẹn ni Afi gbà kọjá, tòun ti ẹrù lórí, ó ń sá lọ sí Aflao, ní ẹnubodè Ghana. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

“Àbẹ̀kẹ́, bá mi ṣọ́ ilé. Ìwọ ò ní lọ, àbí?”

“Ta ló ń fi ilé sílẹ̀ fún ẹ̀gà?”

“O ò tíì gbàgbé ìyẹn?” Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Kò tọrọ àforíjì.

Àwọn ẹ̀gà rá bàbà lófuurufú kí wọ́n tó kó wá sórí ọ̀pẹ mi. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Èmi náà wà. Mo ṣì ń gbá ilé Afi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ lára ìṣó. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n tún ń pè ní àjèjì nílé ìwé lónìí, ẹ má ṣe jókòó. Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù Ẹ̀bìbí, ọdún 1993, ni mo rí Afi àti òdòdó náà kẹ́yìn.