Ẹ Yà Nígbàkigbà

Màmá àgbà ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan kí àwa méjèèjì tó mọ̀ pé a ò ní wọlé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò wa ní McKenzie Towne, nílùú òyìnbó, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà snow, èkejì nínú ìbọ̀sẹ̀ lásán lórí yìnyín, àwo àkàrà gbígbóná lọ́wọ́ wọn. Obìnrin òyìnbó náà ò ṣílẹ̀kùn ju ibi tí orí rẹ̀ lè gbà yọ lọ.

"Oh! Is everything okay?"

"We drop by," ni màmá àgbà wí, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Obìnrin náà wò wọ́n, ó wò mí, ó gba àwo, ó dúpẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bá wọn wọ bàtà padà.

Òun fúnra rẹ̀ ló pè wá. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ló ń kó snow níwájú ilé rẹ̀ tó rí màmá àgbà, tó ní kí wọ́n drop by anytime. Bí mo ṣe ti school dé ni wọ́n pè mí sí kíṣínnì, wọ́n ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.

"It's like, just come. You don't have to call or anything."

"Ṣé kí n yà ni?"

"Yes, Grandma." Mo wá ń ṣe fáàrí, mo kó ìyókù lé e: stop by, pop in, swing by, come over.

"Yíyà náà ni gbogbo ìyẹn? Ah, àwọn ará ibí mà fẹ́ràn àlejò o!" Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n da ẹ̀wà sómi.

Inú wọn dùn ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì mọ ìdí. Nọ́ọ̀sì ni mọ́mì mi, ìdí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ni dádì máa ń wà. Láti àárọ̀ títí mo fi máa dé, ariwo ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ní basement nìkan ló ń bá wọn gbélé. Wọ́n ti ń bi dádì léèrè ticket ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n máa fi padà sí Ìbàdàn. Ẹ̀rù ń bà mí, torí kí wọ́n tó dé, ilé wa kì í rùn, kì í ta sánsán.

Nígbà tí mọ́mì gbọ́ nírọ̀lẹ́ bí obìnrin náà ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, wọ́n káwọ́ lérí. "Màmá, wọ́n máa ń text kí wọ́n tó lọ ni! Obìnrin yẹn kàn fẹnu lásán sọ ọ́ ni."

"Text? Ojú lọ̀rọ̀ wà." ni màmá àgbà wí. "Ọ̀rọ̀ yíyà pọ̀ tó báyìí lẹ́nu wọn, kò sì sẹ́ni tó ń yà. Ẹ bá mi wo ticket yẹn."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, aago ẹnu ọ̀nà dún. Obìnrin náà ni, ó ti fọ àwo wa, ó fẹ́ dá a padà. Màmá àgbà ò gba àwo. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbá mú. "Enter!" Ó jókòó, ó jẹ àkàrà títí ọwọ́ rẹ̀ fi kún fún epo. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn òun láìpè, ìròyìn burúkú ló máa ń mú wá. Mo túmọ̀ rẹ̀.

"Sọ fún un pé bàbá àgbà yín náà ti lọ," ni màmá àgbà wí. "Ní kó jẹ sí i."

A ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ticket mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Mo ti dàgbà, mò ń dá gbé ní ilé alájà ní Beltline, láàárín ìgboro. Kò sẹ́ni tó ń gòkè wá bá mi láì text, mọ́mì pàápàá. Èmi náà ń text. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n pè wá láti Ìbàdàn, níbi tí màmá àgbà padà sí nígbẹ̀yìn, pé wọ́n ti dolóògbé, mo wà nílé àwọn òbí mi nígbà tí aago dún. Obìnrin aládùúgbò wa náà ni, ó ti ń tẹ̀pá. Kò gbọ́ nǹkan kan, ó kàn yà ni. Ó wo ojú wa, kò béèrè bóyá everything okay. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń gbìyànjú láti bọ́ bàtà rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bá a bọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó drop by bí kò bá sí oúnjẹ nínú ìkòkò mi. Ẹni náà lè gbà mí gbọ́, kó sì yà lóòótọ́.