Àbàwọ́n Obì Lára Aṣọ Ìnusẹ̀

“Ìyá Bùnmi, ẹ ṣọ́ra o. Ìkùnsínú lẹ fi ń tọ́ ọmọ yìí.”

Olùkọ́ kíláàsì àwọn ọmọdé ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi ní Sátidé tó kọjá, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọmọkùnrin kan ló taari Bùnmi ọmọ mi lórí àtẹ̀gùn, eyín iwájú rẹ̀ kan sì kán. Kí n tó dé ibẹ̀, wọ́n ti fi ọwọ́ àwọn méjèèjì lé ara wọn, wọ́n ní kí Bùnmi sọ pé, “Mo dárí jì ọ́.” Ó ti sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Mo bi olùkọ́ náà pé ta ló bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó bi wọ́n. Mo ní n kò mọ ìdáríjì tó ń ṣáájú ìbéèrè. Ìgbà yẹn ló kìlọ̀ fún mi.

N kò bá a jà. Mo mọ̀ pé mò ń ṣọ́ ọmọ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn àbúrò ọkọ mi máa ń sọ pé bí mo bá rí okùn tó gùn tó, màá so ó mọ́ Bùnmi lọ́rùn ọwọ́ kó tó lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lọ sílé, a kọjá lára ọkùnrin kan tó ń tú àpò obì gbànja. Òórùn obì tútù, òórùn omi àti ewé, bá gbé mi padà sí Màkún, ní Ṣàgámù, ní 1994, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ kéré sí mi tó dá mi lẹ́jọ́ ìkùnsínú.

Agboolé wa àti ti Alhaja olóbì dojú kọ ara wọn. Mọ́ríyámọ̀, ọmọ ọmọ Alhaja, ni ọ̀rẹ́ mi. Nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn, agbọ̀n obì tò láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n á rẹ obì sínú omi títí awọ funfun ara rẹ̀ á fi rọ̀, àwa ọmọdébìnrin á jókòó lórí àpótí, a ó máa bó o. Alhaja kì í pariwo mọ́ ọmọ. Ìjìnlẹ̀ Rẹ́mọ ni wọ́n ń sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ka ohun tó wà lọ́wọ́, bí a bá sì bó agbọ̀n kan tán, wọ́n á fún wa ní mọ́ínmọ́ín.

Ilé tiwa jẹ́ ilé àwọn tó ń pa Sábáàtì mọ́. Oní-Sátidé ni àwọn ará àdúgbò ń pè wá. Ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ni Sábáàtì ń bẹ̀rẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ dáná mọ́. Ọjọ́ Ẹtì nílé wa dà bí ọjọ́ tí ogun ń bọ̀: ìyá mi ń se oúnjẹ ọjọ́ méjì pọ̀, bàbá mi ń wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n tún ń jáde lọ wo oòrùn, bí ẹni pé aago àti oòrùn lè purọ́. Mọ́ríyámọ̀ bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Bí oòrùn bá wọ̀ kí ìyá ẹ tó sọ ìkòkò kalẹ̀, ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n máa dà?”

Mo ní, “Ẹ̀yin náà ńkọ́, tí ẹ ń ṣọ́ oòrùn nígbà ààwẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè?” A rẹ́rìn-ín títí omi obì fi dà sí wa lára.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kí ìjọ tó jẹ oúnjẹ Olúwa, wọn á kọ́kọ́ wẹ ẹsẹ̀ ara wọn. Obìnrin á kúnlẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ obìnrin, ọkùnrin á wẹ ti ọkùnrin, ẹni tí àárín òun àti ẹnì kan kò bá sì gún ni yóò wá onítọ̀hún lọ, kí wọ́n lè wẹ ẹsẹ̀ ara wọn, kí wọ́n sì dárí ji ara wọn. A kì í dáná ní Sábáàtì, nítorí náà a máa ń se omi náà sílẹ̀ sínú fúláàsì láti ọjọ́ Ẹtì. Ìyá mi ló ń fọ aṣọ ìnusẹ̀. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, funfun báláú, wọ́n á lọ̀ wọ́n, èmi á ká wọn.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, nílé Alhaja, níbi tí mo ti ń bó obì, ni ìyá mi ti pè mí láti wá ká aṣọ. Mo fi omi ṣan ọwọ́ mi, ó mọ́ lójú mi, mo sì ká aṣọ náà. Ohun tí gbogbo ọmọ olóbì mọ̀, tí èmi tí mo kàn ń ṣeré níbẹ̀ kò fi sọ́kàn, ni pé oje obì kì í hàn nígbà tó bá tutù. Ó di ìgbà tó bá gbẹ kó tó pọ́n bí irin tó dípẹtà, kì í sì í ṣí lára aṣọ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti kànìnkànìn fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi mọ́, tí wọ́n sì ń ta mí, nítorí ìyá mi kò fẹ́ kí n máa ṣeré nínú obì lọ́jọ́ ìpalẹ̀mọ́. N kò rántí aṣọ rárá.

Láàárọ̀ Sábáàtì, Mọ́ríyámọ̀ tẹ̀ lé mi lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ wo bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń wẹ ẹsẹ̀ ara wọn bí ọmọ ọwọ́. Màmá Díákónì, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin tó ń tọ́jú ohun èlò, ṣí agbọ̀n aṣọ. Ó gbé èkíní sókè, ó gbé èkejì. Aṣọ méje ni àmì ìka pupa rúsúrúsú wà lára wọn. Ó wo gbogbo wa yíká, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ Mọ́ríyámọ̀ tí oje obì ti mú pọ́n.

“Ọwọ́ ta nìyí? Wá níbí! Ọwọ́ olóbì! Ta ló ní kí ọmọ ìmàle wá tú agbọ̀n Olúwa? Kí lo wá jí níbẹ̀?”

Ó fà á létí kọjá láàárín àwọn obìnrin dé ẹnu géètì. Mọ́ríyámọ̀ kò sunkún. Ó wò mí. Ó mọ ibi tí ọwọ́ mi ti wá lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì lè sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Mo wo bàtà mi.

Ní ọjọ́ kejì, Alhaja dúró nínú àgbàlá wa, wọn kò jókòó. Wọ́n ní, “Ọmọ mi kì í fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ ì bá bi í léèrè kẹ́ẹ tó fà á létí.” Ìyá mi ní, “Ẹ má bínú, Alhaja, ọ̀rọ̀ ìjọ ni.” Alhaja yí padà, wọ́n sì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jẹ́wọ́. Ìyá mi kò nà mí. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú lọ sílé Màmá Díákónì, mo sì tún un sọ níbẹ̀. Mo rò pé a máa kọjá sílé Alhaja láti ibẹ̀ ni. Màmá Díákónì ní, “Ọ̀rọ̀ yìí ti tán. Tá a bá tún gbé e jáde, ojú wo ni wọ́n á máa fi wo ṣọ́ọ̀ṣì wa? Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí i.” A gbàdúrà sí i.

Nílé ìwé, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Mọ́ríyámọ̀ kọrin pé: “Ọwọ́ obì, má fọwọ́ kàn mí!” N kò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. N kò sì ní kí wọ́n dákẹ́. Kí táàmù náà tó parí, wọ́n mú Mọ́ríyámọ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ògìjó. Alhaja ti ilẹ̀kùn tó kọjú sí wa, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà jáde.

Nígbà tí ìwẹsẹ̀ tún dé, Màmá Díákónì gbé bàsíà wá síwájú mi, èmi ọmọdé. Ó kúnlẹ̀. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní, “Mo dárí jì ọ́, ìwọ náà dárí jì mí.” Mo ní, “Mo dárí jì yín.” Àwọn obìnrin sunkún, ìyá mi sunkún, wọ́n kọrin. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: ara mi fúyẹ́. Mo sáré lọ sílé bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó tó ọdún díẹ̀ kó tó yé mi pé àwa méjì tí a jẹ̀bi la jókòó tí a dárí ohun tí a ṣe sí ẹlòmíràn ji ara wa.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo rí Mọ́ríyámọ̀ ní ọjà Ṣàgámù, lórí àga Alhaja. Èmi ni mo kọ́kọ́ dá a mọ̀. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn agbọ̀n, mo sọ ohun gbogbo.

Ó ní, “Ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí aṣọ yín gba oje.” “Ẹ” ló ń pè mí, èmi tí a jọ ń jẹ mọ́ínmọ́ín kan náà. “Mo ti dárí jì yín tipẹ́, ọmọdé ni wá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Alhaja ti ń sọ pé ẹnì kan máa wá. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ wọn, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kí n lọ wò ó bóyá àwọn oní-Sátidé ni. Wọ́n ti kú.”

Mo ra obì tí n kò ní jẹ.

Nǹkan ti yí padà. Obìnrin tó ń fọ aṣọ ìnusẹ̀ lónìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń bó obì, ẹ̀rọ ló sì fi ń fọ aṣọ náà. Màmá Díákónì ti sùn nínú Olúwa, wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa níbi ìsìnkú, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ìkánjú wa sí “Mo dárí jì ọ́” kò yí padà. Mo gbà pé Olúwa ń dárí jini, ìyẹn ni mo fi ń rí oorun sùn. N kò gbà pé ó rán wa láti fi ìyẹn di ẹnu ọmọ.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ní kí ọmọ kan sọ pé òun ti dárí jini, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí ẹ ṣẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń retí yín ṣì wà nínú ilé.