Òjé Tí Wọ́n Yọ Lára Ògiri

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, bí ọlọ́pàá bá gbé ọta ìbọn wá sí ilé àyẹ̀wò ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣòdì, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Mi ò ní fi ìtẹríba bò ó: mo mọ iṣẹ́ náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa sọ pé mo ń wo òjé tí wọ́n fi ń ṣe ọta bí ìyá ọkọ ṣe ń wo ìyàwó tuntun. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò ṣòro láti ṣàlàyé. Inú ìbọn òyìnbó ní ilà tó lọ́ bí okùn. Ilà wọ̀nyí ló ń mú kí ọta máa pòòyì bó ṣe ń jáde, wọn a sì fi àpá sí i lára. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní àpá tirẹ̀. Bí a bá fura sí ìbọn kan, a ó yìn ín sínú àpótí tí a kó òwú kún, a ó wá gbé ọta tó jáde ti èyí tó pa ènìyàn lábẹ́ maikirosikóòpù. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé òjé kan wá láti Ìsọlọ̀. Ọdẹ àgbà kan ló kú níbẹ̀, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń yìnbọn láti yẹ́ ẹ sí, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ẹ̀tù nìkan ni wọ́n ń kì sínú ìbọn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kì í fi ọta sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí èéfín túká, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti kú sílẹ̀. Òjé gba àyà rẹ̀ kọjá, ó wọ ara ògiri. Bàbá rẹ̀ gan-an, ọdẹ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ló gbé ìbọn kalẹ̀ tó ní òun ni òun pa á. Ó ní ìgbẹ́ ni òun ti dé lánàá, òun gbé ìbọn kọ́ tòun ti ọta nínú, òun sì gbàgbé láti tú u. Ó tún ní ẹnu ìbọn wálẹ̀ síwájú bí òun ṣe ń yìn ín.

Ọ̀gá mi, ẹni tí kì í fẹ́ kí iṣẹ́ pẹ́ lórí tábìlì, pè mí.

"Bàbá yẹn ti jẹ́wọ́. Sáà kọ ripọ́ọ̀tù ẹ, ká rí nǹkan mìíràn ṣe."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ọ̀gá. "Tótó ó ṣe bí òwe, sà," mo ní, "agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. A ti gbọ́ ti bàbá. Ó ku ti òjé."

Mo kọ́kọ́ wo ìbọn bàbá náà. Ṣakabùlà ni, páìpù omi ni alágbẹ̀dẹ fi rọ ọ́, inú rẹ̀ sì ń dán, kò ní ilà kankan. Mo wá dojú kọ òjé. Iwájú rẹ̀ ti rún mọ́ ògiri, ó rí wúruwùru bí èyí tí ọdẹ fúnra rẹ̀ yọ́. Ìyẹn ló tan gbogbo wọn jẹ. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò bàjẹ́. Mo fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Ilà wà níbẹ̀, wọ́n dagun, wọ́n hàn kedere. Mo rẹ́rìn-ín. Páìpù omi kì í fa irú ilà bẹ́ẹ̀. Ibi yòówù kí ọta bàbá náà gbà lọ, òun kọ́ ló pa ọmọ rẹ̀.

Mo ní kí ọlọ́pàá kó gbogbo ìbọn tó dún níbi ìsìnkú náà wá. Ṣakabùlà ni gbogbo wọn, àfi ìbọn ìléwọ́ òyìnbó kan ṣoṣo. Ti oníṣòwò kan ní Ṣógúnlé ni, ọ̀rẹ́ ọdẹ àgbà tí wọ́n ń sin. Ó ní òun náà fẹ́ yẹ́ ọ̀rẹ́ òun sí, òkè ni òun sì yìn ín sí. Mo yìn ín sínú òwú, mo gbé ọta méjèèjì pọ̀. Ilà wọn bára mu láti òkè délẹ̀. Ọ̀gá mi wò ó títí, ó ní, "Ó dáa. O ti mú un." Ọ̀rọ̀ oníṣòwò náà di ti kóòtù.

Mo bẹ ọlọ́pàá pé kí wọ́n jẹ́ kí èmi fúnra mi sọ fún bàbá náà. Mo ti ń rò ó pé yóò fò dìde, yóò sì dì mọ́ mi. Nígbà tí mo dé tèṣàn, wọ́n ní omijé kan kò tíì já bọ́ lójú rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti mú un, àní àwọn kan ń pè é ní ọ̀dájú. Orí bẹ́ǹṣì ni mo bá a.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Ìbọn yín kọ́ ló pa á. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó wò mí. "Ṣé ìwọ lo rí i bẹ́ẹ̀, àbí wọ́n ní kó o wá tù mí nínú ni?"

"Èmi ni mo rí i, Bàbá. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ilà wà lára ọta tó pa á, kò sì sí ilà nínú ìbọn yín."

"Ìbọn mi kọ́," ó ní.

"Ìbọn yín kọ́, sà."

"Wọ́n ti sin ín?"

"Wọ́n ti sin ín, Bàbá."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹni tó pa ọmọ ò lẹ́nu àtisunkún ẹ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n wá sunkún ọmọ mi."

Ó bú sẹ́kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ọmọ rẹ̀.