Ọba Tó Ń Dìde

Lẹ́yìn ìgbà tí ọrọ̀ ajé Dubai dẹnu kọlẹ̀, sìkọ́ríti ni mò ń ṣe, àdúgbò Rolla tó wà nítòsí ibẹ̀ ni mò ń gbé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ National Day, ta ló rántí ìṣòro? Àsíá gba gbogbo títì, ọkọ̀ ń fọn fèrè, orí mi ń wú bíi pé ìlú bàbá mi ni.

Mo yà mu tíì lọ́dọ̀ bàbá ará Yemen kan. Mo ní, "Bàbá, ẹ wo bí ọba méje ibí yìí ṣe para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn náà ṣe é rí nílé wọn, lẹ́bàá Aden, nígbà tí òun wà lọ́mọdé: ọba púpọ̀, àsíá kan, lábẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì. Kò pé ọdún mẹ́wàá tó fi túká.

Háà! Àgbà tó pẹ́ láyé ju orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ! Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Haram! Dìde!" Ó fà mí sókè. "Ọlọ́run nìkan là ń foríbalẹ̀ fún. Àmọ́ nígbà tiwa, bí òyìnbó bá wọlé, gbogbo ọba ló ń dìde fún un."

"Ọba kẹ̀!" Inú bí mi. "Ọba dìde fún àlejò, nínú ààfin ara rẹ̀?"

"Ìyẹn ni kò jẹ́ ká pẹ́."

Mo fọ́nnu pé òyìnbó ló so orílẹ̀-èdè tiwa náà pọ̀ nílé, ó sì wà síbẹ̀.

Ó gbé tíì síwájú mi. "Ọmọ mi, ṣé àwọn ọba tiyín ti wá jókòó?"