Bàbà Tó Wà Lára Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn kòkó ló máa ń jí wa nílé wa ní Ilare. Kí oòrùn tó yọ, bàbá mi á ti sá a sórí ẹní lójúde, òórùn rẹ̀ á sì kan wọ yàrá bí ẹmu ìjẹta. Àárọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ife tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Láídé, tó sì fọ́ yángá. Inú mi dùn. Ohun gbogbo tó bá fọ́ nílé wa, èmi ni wọ́n máa ń bá wí. Ó tó àsìkò kí ó kan ẹlòmíràn.

Àǹtí Láídé kì í fọ́ nǹkan. Òun ló ń kọ̀wé tó rẹwà jù ní kíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, ìwé rẹ̀ ti dà bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, nígbà tó yá a kò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Olùkọ́ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Àwọn aládùúgbò ní ayé ló ń bá a jà. Màmá mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. "Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́," ló máa ń wí, á sì tún mú un lọ sí ọsibítù míì.

Nígbẹ̀yìn, dókítà obìnrin kan tan iná sí i lójú, ó rí òrùka pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó yí dúdú ojú rẹ̀ ká. Ó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ yòókù wá. Èmi nìkan ni ọmọ yòókù. Mo wọ aṣọ Kérésì mi, mo kun pàúdà, mo rò pé wọ́n fẹ́ yẹ́ mi sí torí pé ara mi le. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀. Wọ́n ní igbe mi dé ẹnu géètì.

Nígbà tí èsì jáde, dókítà ní, "Bàbà ló pọ̀ jù lára àwọn méjèèjì." Etí tèmi gbọ́ "bàbá." Mo wo bàbá mi, ọkùnrin gíga, oníkùn ńlá, mo gbà pé ó pọ̀ lóòótọ́.

Dókítà ṣàlàyé fún wọn: "Ẹ̀yin òbí méjèèjì lẹ jọ gbé àìsàn yìí fún wọn láti inú ẹ̀jẹ̀ yín láìmọ̀. Ẹ̀dọ̀ wọn kò lè da bàbà inú oúnjẹ nù, ó wá ń gun ọpọlọ. Ti ọkùnrin yìí kò tíì ba nǹkan jẹ́."

"Ṣé Láídé á tún sọ̀rọ̀?" ni màmá mi bi í.

"Mi ò lè ṣèlérí, Mà. Àmọ́ oògùn wà. Títí ayé ni wọ́n á máa lò ó."

Ohun tí mo mú délé ni pé bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná ló kún ara mi. Bí àwọn tó ń ra irin àlòkù bá ti ké gba ojúde wa, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń sá sí, kí wọ́n má baà rà mí.

Torí bàbà tó wà nínú wọn, ẹ̀pà di èèwọ̀, ẹ̀dọ̀ ẹran di èèwọ̀. Àwa ọmọ àgbẹ̀ kòkó ò gbọdọ̀ mu tíì oníkòkó mọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, àìsàn Àǹtí Láídé kọ́kọ́ burú sí i. Ṣíbí ni màmá fi ń fún un ní ògì, á sì tún lọ sunkún ní kíṣìnnì, á ní àlùbọ́sà ni.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo kọ oògùn tèmi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo dúró láàárín pálọ̀, mo ń wàásù pé èmi ò ṣàìsàn, pé alágbára ni mí. Màmá ń bẹ̀ mí, bàbá ń tú bẹ́líìtì. Ohùn kan bá jáde láti orí àga ẹ̀bá fèrèsé, níbi tí Àǹtí Láídé jókòó sí:

"Gbé e mì, ọ̀dẹ̀!"

Ó wọ́ ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Èmi náà sunkún, torí pé wọ́n pè mí ní ọ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bá a wí. Mo gbé oògùn náà mì láìfi omi lé e.

Lónìí, Àǹtí Láídé ń kọ́ àwọn ọmọ níṣirò ní Modakeke. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń falẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ń dúró gbọ́ ọ. Èmi ti pá lórí, síbẹ̀ mo ṣì ń gbójú kúrò níbi abẹ́rẹ́. Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà rò pé ara òun ló le. Àgbà tí mo dà mọ̀ pé gbígbọ̀n ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi rí àìsàn tèmi kí ó tó fara hàn. Láìpẹ́ yìí mo lọ bá a nílé pé kí n dúpẹ́. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá bi mí bóyá mo ti lo oògùn mi láàárọ̀ yẹn.

Mi ò tíì lò ó.