Ìṣẹ́jú Méje Tó Wà Nínú Aago Màmá

Ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù ni agogo iléèwé wa. Wáyà ni wọ́n fi so ó kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tó wà níwájú ọ́fíìsì, irin gbọọrọ kan ni mo sì fi ń lù ú. Bí mo bá lù ú tán, apá mi ọ̀tún á máa gbọ̀n títí dé èjìká. Láàárín lílù kan sí èkejì, mo ń gbálẹ̀, mo ń pọn omi sínú àmù àwọn tíṣà, mo ń nu tábìlì. Ìwé kejì girama ni mo kà dé kí n tó kúrò lábúlé wa lẹ́yìn Ìtagunmódì, iṣẹ́ yìí sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ní Iléṣà. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Tí ẹni méjì bá wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí mo fẹ́ sọ á pòórá.

Obìnrin ni ọ̀gá àgbà iléèwé náà. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Aago ọkùnrin ni wọ́n ń so mọ́wọ́, ó tóbi, okùn awọ rẹ̀ ti gbó, wọ́n sì ti lu ihò tuntun sí i kó lè bá ọwọ́ wọn mu. Ọkọ wọn tó ti kú ló ni ín. Níléèwé wa, aago yẹn ni aago. Tí Màmá bá ní aago mẹ́jọ ti lù, ó ti lù nìyẹn. Àwọn tíṣà á yáa yí tiwọn bá a mu.

Èmi ò ní aago. Aago ara ògiri ọ́fíìsì ni mo ń wò, bátìrì rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kú. Nítorí náà, mo máa ń gbé rédíò kékeré kan tí bàbá mi fún mi wá láti ilé, mo ń fi í pamọ́ síbi tí mò ń kó ìgbálẹ̀ sí. Bí rédíò Òṣogbo bá fẹ́ ka ìròyìn, ó máa ń dún pín-ín, pín-ín, pín-ín, èyí tó kẹ́yìn á sì gùn ju àwọn yòókù lọ. Níbi tó bá ti gùn yẹn ni mo ti ń tún aago ògiri ṣe. Mo rò pé mò ń ṣe dáadáa.

Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni Màmá ń sọ pé mo pẹ́. Wọ́n á dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ tí aago wà sókè.

"Ṣé o sùn lọ ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá dé tí agogo ò dún?"

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo dáhùn pé rédíò ni mo fi ń wò ó. Wọ́n kọjú sí tíṣà tó dúró tì wọ́n. "Ẹ gbọ́ o. Rédíò ló ń fi ṣeré lẹ́nu iṣẹ́." Ọjọ́ náà ni ìwé kúèrì kìn-ín-ní tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìkejì dé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá gba ẹ̀kẹta, ilé yá. Ìdánwò àṣejáde sì ti ń bọ̀. Màmá sọ fún mi pé tí agogo bá fi lè pẹ́ lọ́jọ́ ìdánwò, kí n má wulẹ̀ dúró gba ìwé kankan, kí n kó ẹrù mi. Ó rẹ̀ mí. Iṣẹ́ kọ́ ló rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀. Àìmọ ohun tí mò ń ṣe tí kò dára ni.

Tíṣà físíìsì wa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni, ẹni tí kì í rí rédíò tó bàjẹ́ kó má tú u. "Àbúrò," ó ní, "mo máa ṣe aago kan fún ọ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè bá jiyàn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi nǹkan méjì ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju ìka ọmọdé lọ, dúdú, tó ní ẹsẹ̀ méjìdínlógún bí ọ̀kùn. Èkejì ni ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì; wáyà gùn jáde lára rẹ̀, orí wáyà náà sì dà bí ìdérí agolo ìpara. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn sátẹ́láìtì ń yí ayé ká lókè, aago tí kì í ṣìnà wà nínú wọn, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń kéde ohun tí aago wí.

"Wọn kì í sùn, sà?"

"Wọn kì í sùn. Wọn kì í sì í gba kúèrì."

Lábẹ́ páànù, ẹ̀rọ náà ò gbọ́ nǹkan kan. Lábẹ́ máńgòrò, bákan náà. Ojú ọ̀run gbalasa ló ń fẹ́. Ni mo bá gbé ìdérí agolo náà lé orí, mo dúró ní àárín pápá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ru ẹrù, tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú bátìrì alùpùpù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yọrí lójú wíńdò.

"Àǹtí alágogo, ṣé fíìmù máa jáde níbẹ̀?"

"Ẹ má mira o, kí ángẹ́lì má baà jábọ́!"

Mi ò mira. Oòrùn pa mí títí ọrùn mi fi le. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí iná pupa tó yọ lójú díńgí kékeré tí tíṣà so mọ́ ẹ̀rọ náà, tó sì di nọ́ńbà. Wákàtí kan ni ó fi rẹ̀yìn sí tiwa. Tíṣà gbá itan rẹ̀. "Aago ìlú òyìnbó ló ń kà. Àwọn tó gbé e sókè ò mọ ọ̀nà Iléṣà." Kò lè tún un ṣe níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń gbé Ìgbóná ní Òṣogbo ló ní kọ̀ǹpútà ńlá tó lè kọ nǹkan sínú kékeré yìí, ó sì di dandan kó dúró de ọjọ́ Sátidé.

Nígbà tó padà dé, mo gbé rédíò mi síwájú ẹ̀rọ náà. Bí pín-ín tó gùn yẹn ti dún, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà pupa yí sí aago mẹ́wàá géérégé. Mi ò rò pé inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ rí níléèwé yẹn. Rédíò mi ò parọ́. Èmi náà ò pẹ́ rí.

Màmá ń kọjá lọ. Tíṣà bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni aago wí?"

"Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ.

Àwa méjèèjì wo nọ́ńbà pupa náà.

"Ṣé o rí nǹkan tí mo rí?"

"Mo rí i, sà."

"Ta ló máa sọ fún wọn?"

Mo wolẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹnu tèmi kọ́."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Ó ní kí wọ́n fi ìṣẹ́jú méje kún aago sátẹ́láìtì. Mo bi í léèrè ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. "Kí o lè jẹun," ni ìdáhùn rẹ̀.

Wọ́n kan ẹ̀rọ náà mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, orí wáyà rẹ̀ wà lókè páànù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá gbé aago ọwọ́ wọn sún mọ́ ọn, wọ́n rí i pé ó bára mu, wọ́n sì sọ fún gbogbo iléèwé lórí ìlà pé sátẹ́láìtì pàápàá ti jẹ́rìí sí wọn. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, n kò pẹ́ mọ́.

Ọjọ́ ìdánwò kìn-ín-ní, alábòójútó kan gbé àpótí ìbéèrè wá láti Òṣogbo. Agogo aago mẹ́sàn-án mi dún nígbà tó ṣì ń pín ìwé. Kò bìkítà, ìgbà tí aago ọwọ́ tirẹ̀ wọ mẹ́sàn-án ló tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n ní. Nígbà tí nọ́ńbà pupa wọ méjìlá, mo lu agogo. Àwọn tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin kan di tirẹ̀ mú, ó ń sunkún.

Alábòójútó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ta ló lu agogo yẹn?"

Èmi ni gbogbo wọn ń wò, irin ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Sátẹ́láìtì la fi ń lù ú níbí," ni Màmá wí. "Kì í ṣìnà."

"Màmá, ẹ má bínú, àwọn ọmọ yìí ṣì ní ìṣẹ́jú méje."

"Ẹ tún aago yín ṣe, sà."

Wọ́n ń fà á báyìí. Tíṣà físíìsì ń wo bàtà rẹ̀. Mo gbé irin sílẹ̀, mo lọ síbi ìgbálẹ̀, mo gbé rédíò mi wá, mo tàn án. Ìpolówó ọṣẹ ni wọ́n ń ṣe.

"Gbé nǹkan yẹn kúrò," ni Màmá wí.

N kò gbé e kúrò. Mo dì í mú níwájú àyà mi. Ìpolówó parí. Pín-ín, pín-ín, pín-ín, títí dé èyí tó gùn. Ohùn kan wá sọ pé aago méjìlá ọ̀sán ló lù. Gbogbo ojú lọ sára ògiri, níbi tí nọ́ńbà pupa ti ń ka méjìlá kọjá ìṣẹ́jú méje.

Alábòójútó ní kí wọ́n dá ìwé padà fún àwọn ọmọ, ó sì fún wọn ní ìṣẹ́jú wọn pé. Tíṣà físíìsì dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. "Èmi ni mo fi kún un, mà. Ìbẹ̀rù ni." Màmá wọ ọ́fíìsì wọn lọ.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí o ti mọ̀?"

"Ó ti ṣe díẹ̀, mà."

"O ò sì sọ."

"Mo sọ ti rédíò lẹ́ẹ̀kan, mà."

Wọ́n tú aago náà kúrò lọ́wọ́, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Ibi tó máa ń wà lọ́wọ́ wọn funfun ju ara yòókù lọ.

"Bàbá àwọn ọmọ ló sún un síwájú," ni wọ́n wí. "Mo máa ń pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò sọ iye tí wọ́n sún un fún mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ, mi ò fọwọ́ kan ibi tí wọ́n fi í sí." Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ yọ, wọ́n kó ẹ̀dà ìwé kúèrì méjèèjì jáde, wọ́n ya wọ́n. "Sọ fún tíṣà rẹ kó yọ ìṣẹ́jú méje rẹ̀ kúrò. Tèmi, ẹ fi í sílẹ̀."

Wọ́n tún so aago náà mọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí àkókò agogo bá ti ń sún mọ́, wọ́n á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á wo ọwọ́ wọn. Lára tiwọn, àkókò ti tó. Wọ́n á fara ti òpó. Èmi náà á dúró lábẹ́ máńgòrò, irin lọ́wọ́ mi, ojú mi lára nọ́ńbà pupa. Ìṣẹ́jú méje gùn fún ẹni tó rẹ̀. A jọ máa ń dúró dè é ni, títí tí màá fi lù ú.